Má Fi Kápẹ́ẹ̀tì Bo Táìlì Tó Ń Mì

Ogbómọ̀ṣọ́,
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Bọ́láńlé, Àsàkẹ́ mi, ọmọ Ajílété,

Báwo ni Ọ̀yọ́? Káyọ̀dé ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ tuntun ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti ń dúró níwájú kíláàsì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ga jù ọ́ lọ ń kí ọ pé "ẹ káàárọ̀ mà". Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Èmi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ aráyé ní A, B, D títí irun mi fi funfun, ọmọ mi ló wá di ẹni tó ń kọ́ àwọn tíṣà! Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ará ìjọ, mo sì tún sọ ọ́ fún àwọn tí kò bi mí léèrè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fi gbé bírò. Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá wọ jígí mi kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kó má lọ jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí. O ní: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní ọjà Takie, èyí tó lè bo ìdajì pálọ̀. Táìlì wa ti ń mì, àwọn ẹbí Káyọ̀dé sì ń bọ̀ wá bá wa ṣílé ní Sátidé tó ń bọ̀."

Mi ò ní rà á. Bí wọ́n bá ń fi ta ọrẹ, mi ò ní gbà á. Má wulẹ̀ fa ojú ro, ìwọ ọmọ yìí, mo mọ bí o ṣe máa ń yọ ẹnu síta. Jókòó, kí o ka ìwé yìí dé ìparí. Mo lè sọ ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ìwọ kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. "Mo ti gbọ́, Mọ́mì, mo ti gbọ́," o ó sì ti gbé e sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya ewé nínú ìwé onílà, n ó sì fi rán awakọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́. Lónìí náà ni yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò, Àsàkẹ́, mi ò pa á lówe. Inú pálọ̀ mi níbí ni kòtò náà wà, lórí sàréè bàbá rẹ. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọ láti ọjọ́ yìí wá, torí mi ò fẹ́ kí o pa ìwé tì, kí o wá sílé wá máa bá àwọn ènìyàn jà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fẹ́ lé mi kúrò nínú ilé yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀. Torí táìlì tó ń mì ni. Ní báyìí tí mo ti borí, n ó sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an, n ó sì fi yangàn díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dí mi lọ́wọ́.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé gíga nígbà tí bàbá rẹ kú. O rántí pé ẹbí ní wọn kì í sin olórí ilé síta, pé inú pálọ̀ tó fi òógùn ara rẹ̀ kọ́ ni yóò sùn sí. Èmi náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kó wà nítòsí mi. Wọ́n fọ́ ilẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n da erùpẹ̀ padà. Ìdúpẹ́ sì di ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bíríkìlà tó ṣe iṣẹ́ náà bá mi sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní, "Ìyá, erùpẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ kò tíì jókòó. Ẹ jẹ́ kó lo ìgbà òjò kan, ká tó lẹ nǹkan lé e." Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní rárá o, pé ojú àlejò kò gbọdọ̀ rí sàréè tútù. Ta ló wá gbè é lẹ́sẹ̀? Èmi ni! Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń bọ̀, àwọn ará ìjọ ń bọ̀, àwọn àna ń bọ̀. Mo bi ara mi pé kí ni wọn ó sọ bí wọ́n bá bá erùpẹ̀ pupa láàárín pálọ̀ Tíṣà. Mo ní kí ọkùnrin náà lẹ táìlì sí gbogbo pálọ̀, kó sì yára. Ọjọ́bọ̀ ló lẹ̀ ẹ́ tán, ní ọjọ́ Àìkú àlejò ti gbé àga lé e. Ilẹ̀ ń dán yinrin. Wọ́n yìn mí, mo sì jẹ ìyìn náà yó.

Òjò ọdún kejì ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi gìgísẹ̀ tẹ ibẹ̀, yóò dún gbò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, etí táìlì kan gbé sókè, òmíràn rì. O mọ ohun tí ìyá rẹ ọlọ́gbọ́n ṣe? Mo lọ sí Takie, mo ra kápẹ́ẹ̀tì pupa olódòdó yẹn, èyí tí o máa ń sọ pé ó lẹ́wà. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gbé tábìlì àárín lé e, mo ní ó tán.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: ohun tó ń mì kò ní torí pé a bò ó kó dúró. Táìlì kan tó bá ń mì, yóò pe èkejì rẹ̀ sí i. Omi tí o bá fi nu ilẹ̀ yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, símẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ yóò máa di ìyẹ̀fun. Mẹ́ta ni mo bò. Nígbà tí mo ṣí i, mọ́kànlá ni mo bá. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń fo ibẹ̀ bí ẹni tó ń fo ẹrẹ̀. Tẹ́lẹ̀, láràárọ̀ ni mo máa ń gbé àga sún mọ́ bàbá rẹ, tí n ó kí i, tí n ó sọ bí ọ̀ràn ilé ṣe ń lọ. Nígbà tí kápẹ́ẹ̀tì dé, mo ṣíwọ́. Ojú ń tì mí níwájú rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tó yá, àṣírí tú. Àwọn obìnrin ìjọ wá ṣe àdúrà nílé mi lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. A ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́, Màmá Díákónì sì dìde láti jó. O mọ̀ ọ́n, obìnrin náà kì í ṣe kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú kápẹ́ẹ̀tì, táìlì abẹ́ rẹ̀ fọ́ yángá, ó sì rì dé ọrùn ẹsẹ̀! Wọ́n pariwo "Jésù!" Wọ́n gbé e, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, gbogbo wọn sì rí i: ilẹ̀ orí sàréè ti wọlé, táìlì dùbúlẹ̀ káàkiri bí eyín arúgbó. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹsẹ̀ kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ò ní ìlẹ̀kùn. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń sọ pé òkú ń kan ilẹ̀ nílé Tíṣà.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ dé pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Kò jókòó.

"Ìyá Bọ́láńlé, kí ni mo ń gbọ́ yìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ilẹ̀ ló rì díẹ̀, sà."

"Ilẹ̀ ló rì? Àbúrò mi kò sinmi ni! Òun ló ń kan ilẹ̀. Ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Kó tó di Kérésì, kó ẹrù rẹ, lọ bá àwọn ọmọ rẹ. Kí ẹbí gba kọ́kọ́rọ́, ká mọ ohun tí a ó ṣe sí ilé."

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹnu mi wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀? Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ gbò, gbò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi láìwo ohun tó fà á. Ẹni tí kò wo nǹkan, ohun tí wọ́n bá ní ó jẹ́ ni yóò gbà. Nígbà tí wọ́n lọ, mo wọ yàrá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú àpótí. Ilé tí èmi àti bàbá rẹ jọ pọn omi rẹ̀, tí a jọ ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀, mo wá ń di ẹrù nínú rẹ̀ bí ayálégbé tí wọ́n fún ní ìwé. Mo sunkún, Àsàkẹ́.

Ibi tí mo ti ń ká aṣọ ni orúkọ Bàbá Ràímì ti wá sí mi lọ́kàn. Òun ni bíríkìlà tó fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ ọ, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ padà sí oko ní Ìkòyí-Ilé. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ó ń gbin iṣu lọ́wọ́. Mo rò ó fún un, láti orí dé ìrù, pẹ̀lú ẹkún. Ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Tíṣà. Lọ́la, in ṣá Allah, màá wá wo ẹni tó ń kan ilẹ̀ yẹn."

Ó dé lóòótọ́. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀bẹ kan àti ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n nílé tíṣà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èkù ọ̀bẹ kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́tí sí i. Èyí tó bá dún kà, ó fò ó. Èyí tó bá dún gbò, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ òdo sí i lára. Ó kọ òdo kọ òdo lórí sàréè. Lẹ́yìn náà ló kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Gbò! Ó kọ òdo. Ó lọ sí abẹ́ fèrèsé. Gbò, gbò! Ó kọ òdo méjì. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Tíṣà, ta lẹ sin sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tí a sin síbẹ̀, Bàbá."

"Abẹ́ fèrèsé ńkọ́?"

"Kò sẹ́nìkan."

"Ta ló wá ń kan ilẹ̀ níbẹ̀?"

Háà! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú, omijé sì tún ń bọ̀. Ó ṣí ọ̀kan lára àwọn ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Bíríkìlà aláṣekánjú yẹn bu ìṣù símẹ́ńtì kan sí àárín, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣófo. Atẹ́gùn ló ń gbé abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Òkú kì í kan ilẹ̀, ìyá. Iṣẹ́ tí ẹ ní kí wọ́n sáré ṣe ló ń ké." Mo padà sí yàrá, mo tú àpótí, mo fi gbogbo aṣọ kọ́ padà.

Ìmọ̀ràn kejì: wò ó kí o tó bẹ̀rù. Kó o tó pe ẹnikẹ́ni, kúnlẹ̀ lónìí, kí o fi èkù ọ̀bẹ kan gbogbo táìlì pálọ̀ rẹ, láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tó bá dún gbò. O ó mọ iye tó jẹ́ àti ibi tó wà. Bóyá kò tó bí o ṣe rò. Bó bá sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn kí o mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe sí ọ̀rọ̀ láàárín ìwọ àti ọkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá ń dún gbò, ẹ jọ kàn án nígbà tó ṣì jẹ́ ẹyọ kan.

O tún sọ pé Káyọ̀dé fẹ́ kí bíríkìlà po símẹ́ńtì olómi, kó dà á sí àárín táìlì, kó lè "dì í mú". Sọ fún un pé ìyá ìyàwó rẹ̀ kí i, ó sì ní rárá. Ojú lásán ni ìyẹn ń tún ṣe. Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, tú u. Bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tó ti fọ́, fi irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ gé ìlà àárín wọn kí òòlù tó kan ara táìlì, kí o má baà fọ́ èyí tó wà ní àlàáfíà. Ha gbogbo símẹ́ńtì àtijọ́ kúrò lẹ́yìn táìlì àti nílẹ̀, kí o gbá a, kí o fi omi wẹ̀ ẹ́. Símẹ́ńtì tuntun kì í di eruku mú.

Nígbà tí a tú ti orí sàréè, mo pe pásítọ̀ wa, ó gbàdúrà. Bàbá Ràímì náà ní bisimilláà. A kò gbẹ́ débi tí bàbá rẹ wà, má ṣàníyàn. A kàn kó erùpẹ̀ tó rọ̀ kúrò títí dé orúnkún. Kí wọ́n tó da tuntun padà, mo ní kí Bàbá Ràímì jọ̀wọ́ jáde síta díẹ̀. Mo jókòó sí etí kòtò náà, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú. Mo ní, "Baálé mi, ẹ dárí jì mí. Nítorí ojú àlejò ni mo ṣe fi yín sílẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ játijàti. N ó tún un ṣe." Ara mi fúyẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà.

Erùpẹ̀ pupa la fi dí i. A dà á díẹ̀, a wọ́n omi sí i, a fi ìtì igi tó wúwo gún un títí yóò fi dún bí ilẹ̀ oko ẹ̀ẹ̀rùn. A tún da díẹ̀, a tún gún un. Nígbà tó kún, mo ní ó yá, ká lẹ táìlì. Bàbá Ràímì wò mí bí o ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fetí sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó lo òjò yìí tán."

"Bàbá, Kérésì ni wọ́n dá fún mi!"

"Òjò yóò lọ ṣáájú Kérésì. Ṣé ẹ tún fẹ́ kánjú ni?"

Mo gbà fún un. Láti ìgbà náà títí òjò fi dá, ilẹ̀ pupa ló wà láàárín pálọ̀ mi, gbangba, láìsí ohun tí mo fi bò ó. Bàbá Ọlọ́kọ̀ rán àwọn ènìyàn wá wo yàrá, wọ́n ń wọn ògiri níṣojú mi. Àwọn kan wá kí mi torí kí wọ́n lè rí i, wọ́n ń yọjú wò ó, wọ́n ń pòṣé. Mo ń kí wọn káàbọ̀, mo ń gbé àga fún wọn. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí. Nígbà tó ṣe, ìtìjú náà sú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni erùpẹ̀ náà tún rì sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la bù kún un tí a sì gún un. Ká ní mo ti lẹ táìlì lé e ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbí nìyẹn, mi ò tilẹ̀ mọ iye tí mo ti kà mọ́: àlejò yóò lọ sílé rẹ̀, ìwọ lo máa bá ilẹ̀ rẹ gbé.

Òjò dá. Bàbá Ràímì to irin gígùn lé ibẹ̀, ó jẹ́ kí orí irin náà jókòó sórí ilẹ̀ líle ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó da kọnkéré lé e, kó lè jẹ́ pé bí erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá tún fẹ́ rì, òkè kò ní mọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni mo ń fi omi tútù rin ín. Lẹ́yìn náà ló kan táìlì.

Wò ó, mo rin Takie já, mo dé Ọ̀yọ́ pàápàá, mi ò rí irú ti àtijọ́ rà. Ẹni tó lẹ ti tẹ́lẹ̀ kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi, èmi náà kò béèrè. Gbọ́ èyí dáadáa: nígbàkúùgbà tí o bá ra táìlì, ra páálí kan lé e, kí o fi pamọ́ sílé. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ni mo bá rí aláwọ̀ búlúù kan, búlúù tó jinlẹ̀, irú èyí tí bàbá rẹ fẹ́ràn láti máa wọ̀. Mo ní, kí ló dé tí n ó fi máa wá èyí tí yóò fi í pamọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ ibi tó sùn sí! Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí o wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín, tí o bi mí nípa búlúù yìí, mo ní àrà tuntun ni. Òótọ́ ibẹ̀ nìyí.

Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́. Má rẹ́rìn-ín! Mo ní n kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Bàbá Ràímì dúró lé mi lórí. A rẹ táìlì sínú omi kó mu yó, kó má baà fa omi inú símẹ́ńtì. A ta okùn kó lè tọ́. Símẹ́ńtì àti yanrìn ni a tẹ́ kárí, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ìṣù àárín. Mo gbé èkíní lé e, mo fi òòlù rọ́bà lù ú, ó wọ́. Bàbá Ràímì yọ ọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ pa èyí rẹ́, ẹ tún un kọ." Mo tún un kọ. Orúnkún mi ń ké, mi ò dá a lóhùn. Nígbà tí mo lẹ ti ìgbẹ̀yìn, tí mo sì tún àwọn ti àtijọ́ lẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná àti abẹ́ fèrèsé, mo fi símẹ́ńtì funfun dí àárín wọn, mo sì fi àga dí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹsẹ̀ kankan má tẹ̀ ẹ́. Tìrẹ náà, bó bá jẹ́ adìyẹ ló fẹ́ kọjá, lé e.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, Bàbá Ọlọ́kọ̀ dé, òun àti àwọn àgbà méjì yẹn àti ọkùnrin mẹ́ta míì nínú ẹbí. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n wá gbà. Mo ti wọ aṣọ mi tó dára jù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ bá mi tẹ orí àbúrò yín kí ẹ lè mọ bó ṣe wà."

Ó wò mí. Ó bọ́ bàtà. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan lé búlúù náà bí ẹni tó ń tẹ omi gbígbóná. Kò sí nǹkankan. Ó gbé èkejì lé e. Ó tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó wá fi gìgísẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, gìdì, gìdì! Ilẹ̀ kò dáhùn. Mo mú ọ̀bẹ mi. Níṣojú gbogbo wọn, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi èkù rẹ̀ kan gbogbo táìlì pálọ̀ yìí, láti ẹnu ọ̀nà ìta títí dé ti ilé ìdáná. Kà. Kà. Kà. Kò sí ẹyọ kan tó dún gbò. Mo dìde, mo ní, "Bàbá, ta ló ń kan ilẹ̀?"

Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí búlúù náà, ó sì fi ọwọ́ pa á. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Àbúrò mi. Èmi náà ni mo kán yín lójú nígbà yẹn. Ó dáa báyìí. Ó dáa gan-an ni." Ìgbà tó dìde, ó kọjú sí àwọn tó kó wá, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé ìyàwó àbúrò mi nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má tún bá mi dárúkọ kọ́kọ́rọ́." Bí wọ́n ti jáde, mo tilẹ̀kùn, mo jó! Mo jó lórí ilẹ̀ ara mi, mo fi ẹsẹ̀ kì í dáadáa. Lóṣù tó kọjá, Bàbá Ọlọ́kọ̀ pè mí lórí fóònù. Ó fẹ́ nọ́ńbà Bàbá Ràímì. Balùwẹ̀ rẹ̀ ń dún gbò.

Àsàkẹ́ mi, mo mọ ohun tó ń jà ọ́ láyà. Wọ́n sáré parí ilé yẹn torí ìgbéyàwó yín, ilẹ̀ kò jókòó. Ìyá ọkọ rẹ ń bọ̀, àwọn ìyàwó ilé ń bọ̀, o kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyàwó wa kò mọ ilé tọ́jú. Káyọ̀dé kì í ṣe ènìyàn burúkú, ojú àlejò ló ń dà á láàmú bó ṣe dà mí. Má bú u. Kan ilẹ̀ náà fún un kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ pe ìyá rẹ̀, kí ẹ sọ pé, "Mọ́mì, ilẹ̀ wa ń mì, a ti tú u. Bí ẹ bá lè dúró fún wa, ẹ jẹ́ ká sún un. Bí ẹ bá fẹ́ wá bẹ́ẹ̀, ẹ máa bọ̀, àga wà." Yóò sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Èyí tó rì sábẹ́ ẹsẹ̀ àlejò ni wọ́n ń sọ títí ayé.

Mo ti bá Bàbá Ràímì sọ ọ́. Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti òun ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́. Se ìrẹsì sílẹ̀, torí bàbá náà kì í fi ebi ṣiṣẹ́, kí o sì wá aṣọ tí kò ní dùn ọ́ bó bá bàjẹ́ wọ̀. Òun yóò dúró lé ọ lórí, ìwọ ni yóò lẹ ti àkọ́kọ́. Bó bá wọ́, a ó yọ ọ́.

Kí Olúwa gbé ọwọ́ yín méjèèjì ró, kí iṣẹ́ rẹ gbà ọ́, kí ọmọ kún ilẹ̀ pálọ̀ yẹn, kí wọ́n máa sáré lórí rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kọ. Ẹni tó bá ti ṣí ilẹ̀ ilé rẹ̀ wò rí, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i padà, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rù lé e jáde níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó ni ilé.